Sybil Thorndike: Ìgbàgbọ́ àti Ìtàgé

Àwọn Kristẹni kan ti ń béèrè tipẹ́tipẹ́ bóyá irọ́ ni òṣèré ń pa. Ìgbésí ayé Sybil Thorndike, òṣèrébìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wúlò fún ìbéèrè náà. Wọ́n bí i ní Gainsborough lọ́dún 1882. Àlùfáà Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀, ìlú Rochester ló sì dàgbà sí. Dùùrù ló kọ́kọ́ kọ́, kí ọrùn ọwọ́ tó ń dùn ún tó mú un yà sídìí eré.

Lọ́dún 1924, ó ṣe Joan nínú Saint Joan, eré Bernard Shaw, ní London. Ọdún mẹ́rin ṣáájú ni ìjọ Kátólíìkì ka Joan mọ́ àwọn ẹni mímọ́. Jagunjagun ni Joan. Thorndike kò fara mọ́ ogun. Ó tún ṣe Medea, ìyá tó pa ọmọ inú ara rẹ̀. Bí eré bá jẹ́ ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́, kò yẹ kó lè ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìrora ẹni tó ń ṣe ni òṣèré ń wọ̀, kì í ṣe ẹ̀rí ìwà rẹ̀ ló ń jẹ́. Irú ìyọ́nú bẹ́ẹ̀ kò sì jìnnà sí ohun tí ìsìn Kristi ń béèrè. Yàtọ̀ sí èyí, irọ́ nílò ẹni tí a fẹ́ tàn jẹ, àwọn tó sanwó wọlé sì mọ ohun tí wọ́n wá wò.

Wọ́n fi í joyè Dame ní 1931. Sinimá kò mọ̀ ọ́n tó ìtàgé, bó tilẹ̀ bá Marilyn Monroe ṣeré nínú The Prince and the Showgirl ní 1957. Ó kú ní 1976. Westminster Abbey ni wọ́n sin eérú rẹ̀ sí.