ATỌ́KÙN ÀTI OLÙDÍJE: TA LÓ NI ÌBÉÈRÈ?



Bí ìdìbò bá ti ń súnmọ́lé, ẹjọ́ kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn olùdíje: pé atọ́kùn ètò ìtakùrọ̀sọ kò ṣe déédéé sí àwọn. Wọn a ní ó já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àwọn, ó da ìbéèrè líle bo àwọn, ó sì ń rọra bá alátakò àwọn sọ̀rọ̀. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí á ka irú ẹjọ́ yìí sí, àbí àwáwí ni?

A kò lè fi ọwọ́ rọ́ ọ tì. Àwa ará Ẹ̀rìn-Ilé mọ ohun tí à ń wí. Ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ láàrin àwa àti àwọn aládùúgbò wa ní Ọ̀ffà ti pẹ́ nílẹ̀; ní ọdún 2022 ó tún di ìjà, títí ìjọba Kwara fi kéde kónílé-ó-gbélé. Bí a bá fi ọmọ Ọ̀ffà kan jókòó kí ó máa bi tọ̀tún-tòsì léèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí, bó ti wù kí ó jẹ́ olóòótọ́ tó, ta ni nínú wa tí ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yóò rí fún wọn bí ọmọ Ẹ̀rìn bá jókòó síbẹ̀. Nínú ìwé tí wọ́n ní Sayyidina Umar kọ sí Abu Musa Al-Ash'ari lórí iṣẹ́ adájọ́, ó pàṣẹ kí ó fi ojú kan náà wo àwọn méjèèjì tó wá ṣe ẹjọ́, kí ó sì fi wọ́n jókòó bákan náà. Àní ojú tí a fi ń wo ènìyàn!

Ṣùgbọ́n ìbádọ́gba kò túmọ̀ sí pé kí á máa kẹ́ olùdíje. Ní September 10, 2024, Donald Trump àti Kamala Harris pàdé lórí tẹlifíṣọ̀n ABC ní Amẹ́ríkà. Àwọn atọ́kùn méjèèjì, David Muir àti Linsey Davis, tún ọ̀rọ̀ Trump ṣe níbi mélòó kan, ó sì fẹ̀sùn kàn wọ́n pé ẹni mẹ́ta ló dojú kọ òun nìkan. Lójú tiwa, títún irọ́ ṣe kì í ṣe ojúsàájú. Ẹni tí irọ́ rẹ̀ bá pọ̀ ni àtúnṣe rẹ̀ yóò pọ̀. Ohun tí ó yẹ kí olùdíje bi atọ́kùn ni bóyá òṣùwọ̀n kan ló ní tàbí méjì.

Àwọn olùdíje tiwa náà ńkọ́? Suuratul-Mutaffifin bá àwọn tó ń gba ẹ̀kún òṣùwọ̀n wí, tí wọ́n sì ń dín ti ẹlòmíràn kù. Ní ọdún 2011, Goodluck Jonathan kò lọ síbi ìtakùrọ̀sọ tí tẹlifíṣọ̀n NN24 ṣe. Buhari, Ribadu àti Shekarau lọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn oníròyìn tí à ń pè ní NEDG ṣe tirẹ̀, àwọn mẹ́ta yìí kọ̀ ọ́, Jonathan nìkan ló jókòó. Ní 2015, ẹgbẹ́ APC tún kọ ti NEDG, wọ́n ní wọ́n ń gbè sẹ́yìn ìjọba. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, kí ẹni tí kò gba atọ́kùn sọ ọ́ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, kí ó dárúkọ ẹni tí òun yóò gbà, nítorí ìbéèrè tí atọ́kùn ń bi í kì í ṣe ti atọ́kùn. Tiwa ni, àwa tí à ń gun títì tó bàjẹ́, tí à ń sanwó iná tí a kò rí.

Ní January 19, 2019, Buhari kò wá rárá. Atiku dé gbọ̀ngàn ní Abuja, ó sì padà, ó ní òun kò ní sọ̀rọ̀ nígbà tí ààrẹ kò sí níbẹ̀. Oby Ezekwesili, Kingsley Moghalu àti Fela Durotoye ló dúró dáhùn ìbéèrè. Nígbà tí ọjọ́ ìdìbò pé, àwọn méjì tí kò dáhùn yẹn náà ló pín èyí tó pọ̀ jù nínú ìbò wa.