Dókítà Tí Ó Padà Wo Iṣẹ́ Ọwọ́ Ara Rẹ̀

Bí ènìyàn bá fi ọkàn rere ṣe iṣẹ́ rẹ̀, tí iṣẹ́ náà sì di ìpalára fún ẹlòmíràn láìjẹ́ pé ó mọ̀, ẹ̀bi ha wà lọ́rùn rẹ̀ bí? Ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ ni yóò yára dáhùn pé, Rárá o. Èmi pẹ̀lú a máa dáhùn bẹ́ẹ̀, kí n tó ka ìtàn Theodor Kocher, dókítà oníṣẹ́-abẹ ti ìlú Bern ní ilẹ̀ Switzerland, ẹni tí a bí ní 1841, tí ó sì kú ní 1917.

Ní àfonífojì àárín òkè ilẹ̀ náà láyé ìgbà náà, gẹ̀gẹ̀ pọ̀ lọ́rùn tàgbà tèwe, nítorí pé èròjà áyódínì kò tó nínú ilẹ̀ àti omi wọn. Ohun tí ń wú di gẹ̀gẹ̀ ni táírọ́ìdì, ẹran kékeré alápá méjì tí ó dì mọ́ iwájú ọ̀nà-ọ̀fun. Bí ó bá wú jù, a máa fún ènìyàn lọ́rùn títí èémí yóò fi ṣòro. Ẹ̀jẹ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn dókítà fi ń bẹ̀rù láti fi ọ̀bẹ kàn án, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn tí a gé e fún ni ó ń kú. Kocher kì í kánjú. A máa di iṣan ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ó tó gé e, a sì máa pa òfin ìmọ́tótó mọ́. Àwọn aláìsàn rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sílé, òkìkí rẹ̀ sì kàn.

Ní oṣù kìíní ọdún 1874, ó yọ gbogbo táírọ́ìdì ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún 11. Ojú ọgbẹ́ jinná dáradára. Lẹ́yìn náà ni dókítà tí ó fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí i fi tó o létí pé ìwà ọmọ náà ti yí padà: ọmọ tí ara rẹ̀ ń yá gágá tẹ́lẹ̀ ti di aláìlọ́yàyà. Kocher gbọ́, ṣùgbọ́n kò lépa ọ̀rọ̀ náà. Ní 1882 ni Jacques-Louis Reverdin, dókítà ará Geneva, sọ fún un pé òun rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára àwọn tí òun gé gẹ̀gẹ̀ fún. Nígbà náà ni Kocher wá ránṣẹ́ pe àwọn aláìsàn rẹ̀ àtijọ́.

Nínú àwọn tí ó ti yọ gbogbo táírọ́ìdì wọn, 18 ni ó wá. Àwọn 16 nínú wọn ti bàjẹ́: ojú wọn wú, awọ ara wọn gbẹ, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ń falẹ̀, iyè wọn sì ti kú. A ya àwòrán ọmọbìnrin náà pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ obìnrin. Àbúrò ti di ọ̀dọ́mọbìnrin. Ẹ̀gbọ́n ṣì kúrú bí ọmọdé. Ní oṣù kẹrin ọdún 1883, Kocher dìde níwájú àwọn oníṣẹ́-abẹ ilẹ̀ Jámánì ní Berlin, ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

Ẹ kíyèsí ohun tí William Halsted ará Amẹ́ríkà wí lẹ́yìn náà: ìṣọ́ra Kocher gan-an ni ó fa ìpalára náà. Àwọn tí ń kánjú a máa ṣẹ́ díẹ̀ kù sílẹ̀. Òun a máa yọ ọ́ tónítóní.

Ní ti ọjọ́ tí ó gbé ọ̀bẹ, èmi kò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó gbọ́ ìròyìn ọmọ náà ńkọ́? Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti dun èmi fúnra mi. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan rí tí ìbéèrè rẹ̀ pọ̀. Mo bá a wí títí ó fi dákẹ́, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ìwà rẹ̀ ti dára. Ìyá rẹ̀ tọ̀ mí wá: “Tísà, ọmọ yìí kì í sọ̀rọ̀ nílé mọ́ o.” Mo ní, “Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ìyá, ó ń gbọ́n ni.”

Kò sí ẹni tí ì bá pe Kocher lẹ́jọ́ bí ó bá dákẹ́. Lóòótọ́, òun àti Reverdin jiyàn lórí ẹni tí ó kọ́kọ́ rí àrùn náà, èyí kò sì bu iyì kún un lójú mi. Síbẹ̀ ó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, ó sì pinnu pé òun kì yóò yọ gbogbo táírọ́ìdì mọ́, àfi nítorí jẹjẹrẹ. Láti inú àṣìṣe yìí ni ayé ti bẹ̀rẹ̀ sí mọ iṣẹ́ tí ẹran kékeré náà ń ṣe nínú ara. Ní 1909 a fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Lónìí, ẹni tí a bá yọ gbogbo táírọ́ìdì rẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ a máa gbé oògùn oníhóró mì lójoojúmọ́, a sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. George Murray, dókítà ará Ìlú Ọba, ni ó kọ́kọ́ fi omi táírọ́ìdì àgùntàn wo obìnrin kan tí irú àìsàn yìí ń ṣe, ní 1891. Ọdún 17 ti kọjá nígbà náà láti ìgbà tí a ti tẹ́ ọmọbìnrin ọmọ ọdún 11 nì sórí tábìlì ní Bern.