Owó Ọdẹ Òru

Àwọn àgbà ní ibi tí a bá ti ń ṣiṣẹ́ ni a ti ń jẹ. Òwe yìí kò yọ iṣẹ́ òru sílẹ̀. Síbẹ̀, ọdẹ tó ń ṣọ́ ìsọ̀ l'Ọ́jà'ba, Bẹẹrẹ tàbí Mápó n'Ìbàdàn títí ilẹ̀ fi mọ́, àdéhùn ẹnu lásán ló sábà máa ń gbé owó rẹ̀ ró. Òfin owó-oṣù tó kéré jù, tó di ₦70,000 lọ́dún 2024, kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí ó yọ agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà tàbí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wo ló gba ọdẹ 25?

Wọ́n á ní, “Ṣebí ó ń sùn.” Àwíjàre yìí náà ló lékè ní ilé ẹjọ́ tó ga jù n'Ílùú Ọba lọ́dún 2021, nínú ẹjọ́ àjọ aláàánú Mencap: wákàtí tí olùtọ́jú fi sùn níbi iṣẹ́ kò sí nínú ohun tí òfin owó-iṣẹ́ kà. Èmi ò gbà. Ẹni tí kò lè lọ sílé, tó gbọ́dọ̀ dìde bí ariwo bá sọ, iṣẹ́ ló ń ṣe. Òótọ́ ni pé owó ò pọ̀ lọ́wọ́ ìyá aláàtẹ. Kí ó dá ìwọ̀nba tirẹ̀, kí onílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dá jù ú lọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹ kọ iye náà sílẹ̀, kí ẹ sì máa san án bóṣù bá ti parí.