Ta Ni Ọ̀gá Láàárín Olórin àti Ohun-Èlò Rẹ̀?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè." Òwe yìí lè ṣe àtẹ̀gùn fún ènìyàn dé orí ìbéèrè kan tí ó yẹ kí gbogbo onílàákàyè dúró yẹ̀ wò: ipò wo ni ó tọ́ kí ohun-èlò iṣẹ́ wà lọ́kàn ẹni tí ó ń lò ó? Ṣé ẹrú lásán ni, tí olówó rẹ̀ lè ṣe bí ó ti wù ú? Ṣé ọ̀rẹ́ ni, tí ọ̀wọ̀ tọ́ sí? Àbí ọ̀gá ni, tí ènìyàn kò ní láárí mọ́ bí ó bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà kan alágbẹ̀dẹ, ó kan àgbẹ̀, ó kan akọ̀wé àti olùkọ́. Ṣùgbọ́n bóyá ni ó hàn níbì kan tó bí ó ti hàn láàárín àwọn olórin rọ́ọ̀kì ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé láàárín wọn ni a ti rí ẹni tí ó sọ jìtá rẹ̀ lórúkọ bí ọmọ, tí a sì tún rí ẹni tí ó dáná sun tirẹ̀ lójú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn.

Ní Amẹ́ríkà ni orin rọ́ọ̀kì ti gbilẹ̀ láàárín ọdún 1950 sí 1960, inú orin búlúùsì àwọn ènìyàn dúdú ni ó sì ti fa ọ̀pọ̀ nínú gbòǹgbò rẹ̀. Jìtá oníná ni olórí ohun-èlò rẹ̀. Okùn irin mẹ́fà ni wọ́n nà sórí igi. Mágínẹ́ẹ̀tì tí ó wà lábẹ́ okùn ń sọ gbígbọ̀n okùn di iná, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì ń sọ iná padà di ohùn ńlá. Nítorí náà, ohùn tí àwọn ènìyàn ń gbọ́ kì í ṣe ti ọwọ́ nìkan, kì í sì í ṣe ti igi nìkan. Bí ẹni méjì bá ta jìtá kan náà, ohùn wọn kì í bára mu. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá sì ta jìtá méjì, ohùn wọn a yàtọ̀. Ibẹ̀ ni ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀: ta ni ó ni ohùn?

Riley B. King, tí gbogbo ayé mọ̀ sí B.B. King, ni a bí ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní ọdún 1925. Olórin búlúùsì ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ atajìtá rọ́ọ̀kì tọ̀. Ní ìgbà òtútù ọdún 1949, ó ń ṣeré ní ilé ijó kan ní ìletò Twist, ní ìpínlẹ̀ Arkansas. Wọ́n bu epo kẹrosíìnì sínú garawa kan, wọ́n dáná sí i, wọ́n sì gbé e sáàárín ilé láti fi yáná. Àwọn ọkùnrin méjì wọ̀yá ìjà, garawa dànù, ilé sì gbiná. King bá àwọn ènìyàn sá jáde. Ìgbà tí ó dé ìta ni ó rántí pé jìtá òun wà nínú ilé. Ó padà wọ inú iná lọ, ó gbé e jáde, díẹ̀ sì ni ó kù kí ilé wó lù ú. Ènìyàn méjì ni ó kú sínú iná náà. Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Lucille ni àwọn tí ó jà náà ń jà lé lórí. King bá sọ jìtá rẹ̀ ní Lucille, gbogbo jìtá tí ó sì fi ṣe ààyò lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ń jẹ́ orúkọ kan náà títí ó fi kú ní ọdún 2015.

Àwọn tí ó gbọ́ ìtàn yìí a máa kà á sí ìtàn ìfẹ́ nìkan. Wọn a ní, "Ẹ wo bí ó ti fẹ́ràn jìtá rẹ̀ tó!" Ṣùgbọ́n King fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé ìkìlọ̀ ni orúkọ náà jẹ́ fún òun, kí òun má ṣe tún hu irú ìwà òmùgọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Jìtá ṣe é rà. Ẹ̀mí kò ṣe é rà. Nígbàkígbà tí ó bá pe Lucille, ó ń rántí pé àwọn méjì kú níbi tí òun ti sá wọlé lọ gbé igi. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ìdílé onílù a máa fi orúkọ Àyàn sọ ọmọ: Àyánwálé, Àyándélé, Àyánkúnlé. Ọmọ ni ó ń jẹ́ orúkọ ìlù. King ṣe òdìkejì rẹ̀. Orúkọ ènìyàn ni ó fi sọ igi. Síbẹ̀ ibi kan náà ni ọ̀nà méjèèjì já sí: ohun-èlò tí kò bá so ènìyàn mọ́ ènìyàn kò tí ì ní orúkọ kankan.

Ẹ̀rí mìíràn wà fún èyí. Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti di olókìkí kí ọdún 1970 tó pé. Kò tìtorí bẹ́ẹ̀ rò pé òun ti mọ ìlù tán. Ní ọdún 1971, ó wa ọkọ̀ la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Nàìjíríà, ó bá Fẹlá ṣeré, ó sì dá ilé ìgbohùnsílẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ìlù ní tòótọ́, yóò wá àwọn tí ìlù ti ń gbé láàárín wọn lọ.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀mí ènìyàn ju igi lọ, kí ni ó wá kù tí ọ̀wọ̀ fi tọ́ sí igi? Ìtàn Brian May fèsì sí èyí. Ní ọdún 1963, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16, òun àti bàbá rẹ̀, Harold, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe jìtá nílé, nítorí pé owó jìtá tí ó wu ọmọ náà kọjá agbára wọn. Igi ibi ìdáná àtijọ́ kan ni wọ́n fi gbẹ́ ọrùn rẹ̀. Kòkòrò ti jẹ igi náà ní ihò. Wọ́n fi igi ìṣáná dí ihò rẹ̀. Sípíríǹgì ara alùpùpù ògbólógbòó ni wọ́n fi sí abẹ́ okùn, bọ́tìnì inú àpótí ìyá rẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe àmì ojú ọrùn. Nǹkan bí ọdún méjì ni iṣẹ́ náà gbà wọ́n. Owó ẹyọ sísì ni May fi máa ń ta okùn rẹ̀. Jìtá yìí ni ó bá a dé inú ẹgbẹ́ Queen, òun kan náà ni ó sì tà lórí òrùlé ààfin Buckingham ní ọdún 2002. Àwọn àgbà ní, ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Bàbá àti ìyá àti ọmọ ni ó wà nínú jìtá náà. Ẹni tí ó bá fi ọ̀wọ̀ gbé e, àwọn ni ó ń bọ̀wọ̀ fún.

Bákan náà ni ti Rory Gallagher, ọmọ ilẹ̀ Ireland. Ní ọdún 1963 kan náà, ó ra jìtá Stratocaster àlòkù kan ní ìlú Cork ní nǹkan bí £100, gbèsè tí ó ń san díẹ̀díẹ̀. Olè jí i gbé ní Dublin. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n rí i níbi tí wọ́n jù ú sí nínú òjò. Gallagher jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní tà á láé, kò sì tà á títí ó fi kú ní ọdún 1995. Òógùn àti ìlò bó ọ̀dà ara rẹ̀ títí igi fi hàn síta. Ẹlòmíràn lè pe irú jìtá bẹ́ẹ̀ ní àkísà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà yóò rí ọgbọ̀n ọdún iṣẹ́ ọkùnrin kan lára rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé.

Ní báyìí, ó tó àkókò láti gbọ́ tẹnu àwọn tí ń fọ́ jìtá, nítorí agbẹjọ́ẹnìkandá, òṣìkà ènìyàn. Ní ọdún 1964, Pete Townshend ti ẹgbẹ́ The Who ń ṣeré ní ilé ọtí kan tí àjà rẹ̀ kò ga ní agbègbè Harrow, ní Lọ́ńdọ̀nù. Orí jìtá rẹ̀ ṣèèṣì gbá àjà, ó kán. Kò sí ẹni tí ó bá a kẹ́dùn. Inú bí i, ó fọ́ jìtá náà wómúwómú, ó gbé òmíràn, ó sì ń bá eré lọ. Láti ìgbà náà ni fífọ́ jìtá ti di ara eré wọn. Townshend ní àlàyé tirẹ̀. Nígbà tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Ealing, ó ti gbọ́ ẹ̀kọ́ Gustav Metzger, Júù tí ó sá wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti Jámánì ní ọdún 1939, tí ìjọba Násì sì pa àwọn òbí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ Metzger ni pé ayé tí ó ń fi ohun ìjà pa ara rẹ̀ run nílò iṣẹ́ ọnà tí yóò pa ara rẹ̀ run lójú rẹ̀, kí ó lè rí ìwà ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1967, ní Monterey ní ìpínlẹ̀ California, Jimi Hendrix tẹ́ jìtá rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì í, ó da epo sí i, ó ṣáná sí i, ó sì fọ́ ọ mọ́lẹ̀. Hendrix ka ìṣe yìí sí irú ẹbọ kan: ohun tí ènìyàn fẹ́ràn ni ó fi ń rúbọ.

Àwọn tí ó gbè wọ́n lẹ́yìn ní, ohun ìní wọn ni wọ́n bàjẹ́, wọn kò jí ti ẹnì kan. Wọ́n tún ní, fífọ́ náà jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ, ó sì lágbára ju orin lọ. Àwọn tí ó ta kò wọ́n dáhùn pé, ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Igi, irin àti òógùn àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ṣe jìtá wà nínú rẹ̀. Àìmọye ọmọ tálákà ni irú rẹ̀ wù tí ọwọ́ wọn kò tó o. Ṣé ó yẹ kí ẹni tí ó yó máa da oúnjẹ nù lójú ẹni tí ebi ń pa?

Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kan wà tí a lè fi wọ̀n ọ́n. Ẹbọ tí kò ná ẹlẹ́bọ ní nǹkan kan, eré lásán ni. Ẹni tí ó fọ́ ohun tí ó dun ọkàn rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ tí kò mọ ọ̀nà mìíràn láti gbà sọ ọ́, ènìyàn lè gbọ́ igbe rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn òǹwòran bá ti ń sanwó nítorí fífọ́, tí olórin sì ń fọ́ ọ ní alaalẹ́ nítorí pé wọ́n ń retí rẹ̀, igbe ti parí, ọjà ni ó kù. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, olórin kì í ṣe ọ̀gá jìtá rẹ̀ mọ́. Àwọn òǹwòran ni ọ̀gá àwọn méjèèjì.

Ìbéèrè kẹta ni ó le jù: bí ohun-èlò tàbí ọwọ́ tí ń lò ó bá bàjẹ́, ṣé olórin ti parí náà nìyẹn? Ní Birmingham, Tony Iommi ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ onírin nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 17. Ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ gé orí ìka méjì ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi ń tẹ okùn. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ mú àwo orin Django Reinhardt wá fún un, atajìtá tí iná ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ní ọdún 1928, tí ó sì ń fi ìka méjì ta orin adídùn. Iommi gbọ́ ọ, ó dìde. Ó yọ́ ìgò oníke, ó fi ṣe ìbòrí fún orí ìka rẹ̀, ó fi awọ bò ó. Ó wá okùn tí ó fẹ́lẹ́. Nígbà tí ó yá, ó tún ń dẹ okùn kí ó má bàa le jù fún ìka rẹ̀. Dídẹ okùn yìí mú kí ohùn jìtá rẹ̀ túbọ̀ rẹlẹ̀, kí ó sì wúwo sí i. Ohùn wíwúwo yìí ni a fi mọ ẹgbẹ́ rẹ̀, Black Sabbath, tí àìmọye ẹgbẹ́ sì ń fara wé títí di òní.

Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1984, jàǹbá ọkọ̀ gba apá òsì Rick Allen, onílù ẹgbẹ́ Def Leppard. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò lé e, wọ́n dúró dè é. Wọ́n to ìlù tuntun fún un, tí ẹsẹ̀ òsì fi lè máa ṣe iṣẹ́ tí apá òsì ń ṣe. Ní ọdún 1986, ó lù ú ní gbangba ní Donington lójú ẹgbàágbèje ènìyàn. Níhìn-ín, ohun-èlò ni ó tẹrí ba fún ènìyàn; ṣùgbọ́n ènìyàn náà kọ́kọ́ ní láti tún ìlù kọ́ bí ọmọdé. Àwọn méjèèjì ni ó yí padà.

Ó ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, èyí ni ìpínyà. Ní ọdún 2019, David Gilmour ti ẹgbẹ́ Pink Floyd kó jìtá tí ó lé ní 120 lọ sí gbàǹjo ní New York. Èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn, dúdú ni, ó sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún 1970; $3,975,000 ni wọ́n rà á. Gbogbo owó náà, tí ó lé ní $21,000,000, ni ó fi ta àwọn tí ń fi òfin dáàbò bo àyíká lọ́rẹ. Gallagher kò tà, Gilmour tà. Ta ni ó fẹ́ràn tirẹ̀ jù? Ìbéèrè náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí kò tà pa ẹ̀jẹ́ mọ́. Ẹni tí ó tà mọ̀ pé orin kò sí nínú igi tí ó lọ, àti pé ohun tí ó ṣe ẹnì kan lóore lè ṣe gbogbo ayé lóore.

Ní àkótán, ohun-èlò kì í ṣe ẹrú, nítorí pé òógùn ènìyàn wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀gá, nítorí pé ẹ̀mí ènìyàn jù ú lọ, ọgbọ́n ènìyàn sì lè tún un ṣe. Alábàáṣiṣẹ́ ni. Ohun tí ọwọ́ kò tó, igi a bá a tó o. Ibi tí igi kò lè wọ̀, ọwọ́ a wọ̀ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ráhùn pé àìsí ìwé tuntun ni kò jẹ́ kí òun kàwé, kí ó rántí igi ibi ìdáná tí kòkòrò jẹ. Olùkọ́ tí ó rò pé láìsí irin-iṣẹ́ ìgbàlódé òun kò lè kọ́ ọmọ, kí ó rántí ìka méjì Reinhardt. Ẹni tí ó sì ní gbogbo rẹ̀, tí ó ń fi wọ́n ṣòfò, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè iye ènìyàn tí ó làágùn kí wọ́n tó dé ọwọ́ rẹ̀.