Òṣùwọ̀n Tó Wà Lẹ́nu Ilẹ̀kùn Ọkọ̀

Ìbéèrè kan gbà mí lọ́kàn lọ́dún yìí. Ó jọ ìbéèrè ọjà, ṣùgbọ́n ìbéèrè ẹ̀sìn ni. Jíìpù wo ni kí n rà tí yóò gbé ìdílé mi, tí yóò sì tún fa ọkọ̀ ojú omi wa láti Houston dé etí omi Galveston? Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní mọ́ṣáláṣí tètè dá mi lóhùn. Ọ̀kan ní kí n ra èyí tó tóbi jù lọ. Èkejì ní ìná-àpà ni, pé Ọlọ́run kò fẹ́ràn oníná-àpà. Ẹ̀kẹta ní ohunkóhun tí mo bá rà, kí n ṣáà ṣe sàráà, kí àwọn àlùfáà ṣàdúrà sí i, kò sí ohun tí yóò ṣe é. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Síbẹ̀, kò sí ẹnìkan nínú wọn tó béèrè iye ènìyàn tí yóò jókòó sínú ọkọ̀ náà.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Ẹni tó dàgbà létí ọ̀sà, tí ìyá rẹ̀ ń ra ẹja ní ọjà Olúwo, kò lè wá gbé ìtòsí òkun kó máa wo omi láti orí afárá nìkan. Ọkọ̀ ojú omi tí mo ní kì í ṣe ohun ìṣefàárí. Ẹsẹ̀ bàtà 21 ni gígùn rẹ̀, orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì kan ló wà nídìí rẹ̀. Òun la fi ń lọ pẹja, òun náà ni àwọn ọmọ mi fi ń mọ ohun tí bàbá mi mọ̀: bí atẹ́gùn ṣe ń yí, bí omi ṣe ń fà, bí ènìyàn ṣe ń fi sùúrù dákẹ́ títí ẹja yóò fi gbé ìwọ̀ mì. Iṣẹ́ ọkọ̀ èrò ni bàbá mi fi tọ́ wa lórí ọ̀sà. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di ẹrù sọ́kọ̀ kí èrò tó jókòó. Èrò ni yóò kọ́kọ́ wọlé, tàgbà tèwe. Bàbá mi yóò wo ibi tí omi gun ara ọkọ̀ dé. Ààyè tó bá kù ni ti ẹrù. Ìyá ọlọ́jà tí ẹrù rẹ̀ kò bá gba, kó dúró de ọkọ̀ mìíràn. Ẹ̀bẹ̀ kì í yí i lọ́kàn padà lórí ọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ni owó.

Nílé ìtajà ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹrù ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà. Kí ẹ tó jókòó, ẹni tó ń tajà ti sọ iye tí jíìpù rẹ̀ lè fà. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe láàárín 2021 sí 2024, Tahoe lè fa 8,400 pọ́n-ùn, Suburban 8,300, Armada 8,500, Expedition 9,300, Sequoia tuntun 9,520, Wagoneer 10,000. Iye tó ga jù nìyẹn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ẹ́ńjìnnì tàbí iye táyà tó ń yí bá yàtọ̀, ohun tí ọkọ̀ lè fà lè wálẹ̀. Èmi ti gbé ọkọ̀ ojú omi mi lọ sórí òṣùwọ̀n CAT Scale níbi tí àwọn awakọ̀ akẹ́rù ti ń wọn ẹrù, torí pé ìwọ̀n tí wọ́n máa ń kọ sínú ìwé ìpolówó ọkọ̀ ojú omi kì í sábà ka epo, ẹrù inú rẹ̀ àti tírélà mọ́ ọn. (Tírélà tí mo ń wí níbí ni irin onítáyà tí ọkọ̀ ojú omi ń jókòó lé, kì í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù ńlá.) Gbogbo rẹ̀ pọ̀, tòun ti epo tó kún táńkì, jẹ́ 5,460 pọ́n-ùn. Ẹni tó gbọ́ 8,400 tó sì gbọ́ 5,460 yóò ní ọ̀rọ̀ ti parí, pé ó ku nǹkan bí 3,000 nílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí iye tí wọ́n ń polówó yẹn ti wá. Nígbà kan, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ iye tí ọkọ̀ rẹ̀ lè fà. Ní 2008, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní SAE gbé ìlànà kan jáde, J2807 ni orúkọ rẹ̀. Toyota ló kọ́kọ́ tẹ̀lé e, àwọn yòókù sì wá gbà á díẹ̀díẹ̀. Ìdánwò náà le. Òkè Davis Dam ní Arizona ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀: máìlì 11.4 ni gígùn òkè náà, ooru ibẹ̀ tó 100 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀, ọkọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ falẹ̀ kọjá 40 máìlì ní wákàtí kan. Iṣẹ́ olóòótọ́ ni, mo sì yìn wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n ènìyàn mélòó ni ìlànà náà kà sínú ọkọ̀? Méjì péré, awakọ̀ àti ẹnìkan, 150 pọ́n-ùn lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Kò sí ọmọ lẹ́yìn, kò sí ìyá àgbà, kò sí kúlà oúnjẹ.

Òtítọ́ tó kan ìdílé wà níbòmíràn. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ wo òpó tí ilẹ̀kùn náà ń há mọ́. Ìwé kékeré kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Òfin ló ní kó wà níbẹ̀. Ó sọ àpapọ̀ ìwọ̀n èrò àti ẹrù tí ọkọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ gbé kọjá, èyí tó dúró níwájú yín gan-an, kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ọrùn tírélà tó gùn lé ìkọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ wà lára ẹrù yẹn, ó sì sábà máa ń jẹ́ 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ohun tí à ń fà. Láti inú ìwọ̀n kan ṣoṣo yìí ni ọkọ̀ ojú omi àti àwọn ọmọ mi ti ń mú ìpín tiwọn. Ohun tí ọ̀kan bá mú, èkejì kò ní rí i lò.

Mo wá ka àwọn ènìyàn mi bí bàbá mi ti ń kà wọ́n. Èmi, 210 pọ́n-ùn. Ìyá àwọn ọmọ, 170. Ìyá ìyàwó mi tó ń bá wa gbé, 150. Ọmọ mẹ́rin, láti orí àkọ́bí tó ti jẹ́ 160 títí dé àbíkẹ́yìn tó jẹ́ 60, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀ jẹ́ 440. Àpapọ̀ wa jẹ́ 970. Ọrùn tírélà, bí a bá fi 12 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe é, jẹ́ 655. Kúlà, àpò, ìkọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ àti ẹ̀wù ìléfòó tó 150. Gbogbo rẹ̀ di 1,775. Jíìpù tó wù mí jù, tí àga rẹ̀ jẹ́ awọ, tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, tí táyà rẹ̀ tóbi, ìwé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ kọ 1,590. Ọkọ̀ tí wọ́n sọ pé 3,000 pọ́n-ùn ṣì kù nílẹ̀ fún ti gba ẹrù kọjá agbára rẹ̀ kí a tó kúrò nílé.

Irú rẹ̀ kan náà wà nínú ọgbà ilé ìtajà náà, ẹ́ńjìnnì kan náà, àga aláṣọ, òrùlé irin. Tirẹ̀ kọ 1,760. Gbogbo ohun ìgbádùn tí wọ́n kó sára èkíní ni wọ́n ti yọ ìwọ̀n rẹ̀ kúrò nínú ohun tó yẹ kí ọkọ̀ fi gbé ènìyàn. Ọ̀rẹ́ mi kejì, tó bẹ̀rù ìná-àpà, sún mọ́ òtítọ́ níhìn-ín ju bí òun fúnra rẹ̀ ti rò lọ. Kò sí ìná-àpà nínú jíìpù ńlá tí ènìyàn méje jókòó sínú rẹ̀. Ìná-àpà ni kí a fi òrùlé gíláàsì gba àyè ọmọ. Ẹni tí kì í sì í lọ sí omi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún, kó yá ọkọ̀ lò, kó fi owó tó kù ran aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́.

Nínú Súrà Ar-Rahman, àárín ọ̀rọ̀ sánmà àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni Ọlọ́run fi ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n sí. Àwọn àlùfáà wa sábà máa ń fi í wàásù fún àwọn ọlọ́jà, kí wọ́n má dín kọ́ńgò kù, kí wọ́n má fi ọwọ́ tẹ òṣùwọ̀n. Mo gbà pé ìkìlọ̀ yẹn dé ojú títì márosẹ̀ náà. Ọ̀nà I-45 láti Houston lọ sí Galveston kún fún àwọn tí n kò mọ̀: nọ́ọ̀sì tó ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọkọ̀ kékeré, ìyá tó gbé ọmọ ọwọ́ sẹ́yìn. Gbogbo wọn gbà, láìbá mi sọ̀rọ̀, pé bí iná pupa bá tàn níwájú mi, ọkọ̀ mi yóò dúró. Bí mo bá di ẹrù kọjá ohun tí bíréèkì àti táyà mi lè kápá, mo ti bá wọn ra ọjà pẹ̀lú òṣùwọ̀n èké. Ohun tí mo rẹ́ jẹ kì í ṣe owó wọn. Ààyè tí wọn ì bá fi yè ni. Ẹ̀sìn wa kọ́ni pé yíyọ ohun tó lè pa ènìyàn lára kúrò lójú ọ̀nà wà lára ìgbàgbọ́. Báwo ni mo ṣe máa fi ọwọ́ ara mi gbé ohun tó lè pa wọ́n sójú ọ̀nà, kí n tún máa pe ara mi ní onígbàgbọ́?

Àwọn kan á sọ pé, “Ó ṣáà ń fà á.” Mo mọ ẹni tó fi jíìpù Highlander, tí wọ́n ní kó má fà ju 5,000 lọ, fa ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò kérora. Fífà kọ́ ni ìdánwò. Dídúró ni, pàápàá nígbà tí òjò bá rọ̀ tí ẹnìkan sì já wọ iwájú ẹni lójijì. Ìdí nìyẹn tí òfin Texas fi ní kí tírélà tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ju 4,500 pọ́n-ùn ní bíréèkì tirẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ lára tírélà ọkọ̀ ojú omi ń ṣiṣẹ́ nígbà tí tírélà bá ti ọkọ̀ iwájú: agbára títì yẹn náà ló ń tẹ bíréèkì. Ṣùgbọ́n omi òkun ni à ń rì í sí, iyọ̀ a sì máa jẹ irin. Ẹni tí kò bá fi omi tí kò níyọ̀ fọ bíréèkì tírélà rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti òkun dé, irin tó ti dípẹtà ló ń gbẹ́kẹ̀ lé. Bákan náà ni etí omi. Ní Texas City Dike, níbi tí à ń gbé ọkọ̀ sómi, ilẹ̀ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ewédò a sì máa mú kó yọ̀. Ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń yí pa pọ̀ ni mo fẹ́ níbẹ̀, torí pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ni àwọn ọmọ máa ń sáré dúró sí nígbà tí a bá ń fà á jáde.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi kẹta ló ṣòro fún mi jù lọ láti dáhùn, torí pé èmi náà gba àdúrà gbọ́, n kì í sì í tan ọkọ̀ láìṣe àdúrà ìrìn-àjò. Ṣùgbọ́n àdúrà kò fi pọ́n-ùn kan kún ohun tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ohun tí ojú wa kò tó ni à ń fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́: ọkọ̀ ẹlòmíràn, táyà tó bẹ́ láìròtẹ́lẹ̀, àìsàn tó kọlu awakọ̀ lójijì. Ohun tí Ó ti fún wa ní ojú láti kà àti òṣùwọ̀n láti wọ̀n, àmáná ni, ohun tí Ó fi síkàáwọ́ wa, Yóò sì bi wá léèrè rẹ̀. Ẹni tó lè ka 1,590 tó sì di 1,775 sí i, kó tó wá gbé ọwọ́ sókè sí Ọlọ́run, iṣẹ́ tí Ọlọ́run gbé fún un ló ń dá padà fún Un.

Jíìpù aláṣọ ni mo rà. Epo ọkọ̀ ojú omi, etí omi la ti máa ń rà á báyìí, kì í ṣe nítòsí ilé. Epo gálọ́ọ̀nù 50 wọ̀n tó 300 pọ́n-ùn, nítorí náà ọrùn tírélà dín sí nǹkan bí 619, àpapọ̀ ẹrù wa sì di 1,739. Ó wọ inú 1,760, ṣùgbọ́n ààlà rẹ̀ ti fún jù fún mi. Àkọ́bí mi, tó ti gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ló ń wa ọkọ̀ kékeré tẹ̀lé wa lẹ́yìn, a sì di 1,579. Inú ìyá rẹ̀ kò kọ́kọ́ dùn sí i, ó fẹ́ kí gbogbo wa wà pa pọ̀. Mo ṣe ìṣirò náà sórí ìwé níwájú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí ọmọ náà mú kọ́kọ́rọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra irú ọkọ̀ yìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ń tajà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti orí ohun tí ọkọ̀ lè fà. Ẹ kọ orúkọ àti ìwọ̀n gbogbo ará ilé yín sórí ìwé kí ẹ tó jáde nílé. Ẹ gbé ọkọ̀ ojú omi yín lọ sórí òṣùwọ̀n. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rà gan-an, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí kò bá gbà, ẹ ra ọkọ̀ mìíràn, tàbí kí ẹ ta ọkọ̀ ojú omi náà, kí ẹ ra èyí tó kéré sí i.