Ìpè Olùṣọ́

Ẹ ka Ésékíẹ́lì 33, ẹsẹ 1 dé 9.

Ẹ̀yin olùfẹ́ wa nínú Olúwa, nínú orí Ìwé Mímọ́ tí a dárúkọ yìí, Ọlọ́run fi iṣẹ́ olùṣọ́ hàn fún wòlíì rẹ̀. Olùṣọ́ ni láti rí idà nígbà tí ó ṣì wà lókèèrè, kí ó sì fọn ìpè kí àwọn ará ìlú lè gbọ́. Bí ó bá dákẹ́, a ó bèèrè ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó kú lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá fọn ìpè tí àwọn ènìyàn kò sì kà á sí, ọrùn tirẹ̀ mọ́. Kò sí ibi tí Ọlọ́run gbé wí pé àgbàlagbà nìkan ni ó lè ṣe olùṣọ́.

Àwa ará Òkè-Ìlá mọ̀ pé Ilé-Ifẹ̀ ni Ọ̀ràngún ti wá. Àwọn baba wa a sì máa wí pé, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀ kan náà ni ohun tí a fẹ́ rán yín létí gbé ṣẹlẹ̀, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1999, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ rí ìbọn àti ohun ìjà mìíràn lọ́wọ́ àwọn tí a fura sí pé wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, wọ́n sì fà wọ́n lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ìpè náà dún. Ṣùgbọ́n a tú àwọn tí a mú sílẹ̀ ní ilé-ẹjọ́. Ní kùtùkùtù òwúrọ̀ ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún náà, àwọn agbébọn wọ ilé ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. George Iwilade, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wà nínú wọn. Àwọn ọmọ fọn ìpè; ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ni a ta sílẹ̀.

Irú ìpè bẹ́ẹ̀ dún ní òkè òkun pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2018, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ìbọn pa ènìyàn 17 ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Parkland, ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kù kò dákẹ́. Wọ́n tọ àwọn aṣòfin lọ. Kí oṣù kan tó pé, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 kò gbọdọ̀ ra ìbọn. Òfin kò jí òkú dìde, ṣùgbọ́n àgbà gbọ́ ohùn ọmọdé.

Àwọn mìíràn nínú yín ń bi wá léèrè pé, nígbà tí àwọn ajínigbé ń bẹ lójú ọ̀nà, èé ṣe tí olúkúlùkù kì yóò fi ní ìbọn tirẹ̀? A kò fi ìbéèrè yìí ṣẹ̀sín, nítorí ẹ̀rù àwọn àgbẹ̀ wa kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Nehemáyà pẹ̀lú gbà kí àwọn tí ń mọ odi di ohun ìjà mú. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé ní gbangba ni wọ́n dúró, lábẹ́ àṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ìbọn ọdẹ wa: ìlú mọ ẹni tí ó ni ín, àwọn àgbà ọdẹ sì lè bi í léèrè. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ìbọn ti ọdún 1959 pẹ̀lú: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní ìbọn láìgba ìwé àṣẹ. Ìbọn tí a ń bẹ̀rù ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Pétérù náà rò pé ààbò ni òun ń ṣe nígbà tí ó fa idà yọ. Etí ọmọ-ọ̀dọ̀ ni ó gé, Olúwa sì ní láti wò ó sàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, tí ó wí pé òun rí ohun ìjà lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ òun, ẹ má ṣe wí fún un pé kí ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Àwa mọ̀ pé ìfẹ́ ni ó ń mú yín wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gba ìpè náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ, kí ọmọdé má bàa nìkan dúró lórí odi. Bí ó bá sì jẹ́ pé lábẹ́ ibùsùn ọmọ tiyín ni ìbọn náà wà, ibẹ̀ gan-an ni ìdánwò wa wà. Ẹ má ṣe bò ó mọ́lẹ̀, nítorí ọmọ ẹlòmíràn ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ máa fọn ìpè, kí ọwọ́ yín sì mọ́ bí ẹ ti ń fọn ún.

Kí Ọlọ́run tí ń ṣọ́ Ísírẹ́lì ṣọ́ àwọn ọmọ wa, kí ó sì la etí àwa àgbà, nítorí Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.