Ta Ni Ẹgbẹ́ Rẹ̀?

Ìyá wa kò kọ ọjọ́ ìbí wa sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè ọjọ́ orí wa, á ní, "Ẹgbẹ́ àkọ́bí alágbẹ̀dẹ ni wọ́n." Ó parí. Ẹni tó bá mọ ti ọmọ alágbẹ̀dẹ ti mọ ti èmi Táíwò, ó sì ti mọ ti Kẹ́hìndé, torí inú kan náà la ti bọ́, lóru ọjọ́ kan náà.

Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Sinkor, níhìn-ín ní Monrovia, ọgbọ́n ìyá mi yìí ni mo sì fi ń là wọ́n lójú bí a bá dé orí ìràwọ̀. Ìràwọ̀ kò ní ìwé ìbí. Èyí tó dá wà ṣòro í mọ ọjọ́ orí rẹ̀, torí ó lè máa tàn bákan náà fún ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ọdún. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ni kò dá wà. (Àwọn ọmọ a máa jiyàn níbí, torí ìràwọ̀ kan ṣoṣo ló wà lára àsíá Liberia, Lone Star sì ni wọ́n ń pe ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù wọn.) Inú ìkùukùu gáàsì kan náà ni ìràwọ̀ ìbejì ti ń jáde: amọ̀ wọn kan náà, ọjọ́ wọn kan náà. Bí ọ̀kan bá jẹ́wọ́ ọjọ́ orí rẹ̀, ó ti jẹ́wọ́ fún èkejì.

Ẹ wo Sirius, tó mọ́lẹ̀ jù nínú ìràwọ̀ òru. Ní 1844, Bessel ará Jámánì rí i pé ìrìn rẹ̀ ò gún, bí ẹni tó ń bá ẹnìkan tí a ò rí jó. Ní 1862, Alvan Graham Clark ń dán awò-awọ̀nàjíjìn tuntun wò ní Amẹ́ríkà, ló bá rí onítọ̀hún: bíńtín tí kò ju ayé wa yìí lọ, tó sì wúwo tó oòrùn. Bíńtín yìí ló tóbi jù nígbà tí wọ́n dé, ó tó oòrùn bíi márùn-ún. Ìràwọ̀ ńlá a máa tètè jó ohun inú rẹ̀ tán. Ẹ̀yinná tó ń tutù ló kù. Bí o bá na ọwọ́ sí kóòlùpọ́ọ̀tù tí ìyá onírẹsì ti kúrò nídìí rẹ̀, wàá mọ ìgbà tó kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mọ ìgbà tí iná rẹ̀ kú; wọ́n fi ọdún tó fi jó kún un, wọ́n sì rí ọjọ́ orí àwọn méjèèjì: bíi mílíọ̀nù 240 ọdún.

Kẹ́hìndé kú lọ́mọ ọdún 41. Òun ló sanra jù nígbà tí wọ́n bí wa, òun náà ló kọ́kọ́ lówó. Òun ló san owó ọkọ̀ tó gbé mi dé Monrovia.

Aládùúrà kì í ṣe àlejò nílùú yìí: láti 1947 ni oníwàásù kan, Oduwole, ti gbé ìjọ Aládùúrà tí Ositelu dá sílẹ̀ ní Ogere, ní Nàìjíríà, wá síbí. Ìjọ mìíràn, kékeré kan, ni mo yà lẹ́yìn ìsìnkú. Wòlíì wò mí títí, ó ní, "Ìràwọ̀ kan lẹ jọ pín. Ìwọ lo fà á mọ́ra." Mo jókòó sórí iyanrìn ní Mamba Point lálẹ́ ọjọ́ náà. Oṣù kẹrin ni, òjò ò tíì dé, Sirius ń lọ wọ òkun.

Èwo ni mo jẹ́, olè àbí àrólé? Irin pọ̀ lára Sirius tó ṣẹ́kù ju bó ṣe pọ̀ lára oòrùn lọ. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní inú òun fúnra rẹ̀ ni irin náà ti ń ru sókè. Àwọn kan fura pé díẹ̀ níbẹ̀ wá láti ara èyí tó kú, nígbà tó ń tú ohun tó ní ká. Físíìsì tí mo ń kọ́ni wà lẹ́yìn àwọn àkọ́kọ́. Aago Kẹ́hìndé sì wà lọ́wọ́ mi.

Mo ro ọ̀rọ̀ wòlíì fún ìyá mi lórí fóònù. Ó pòṣé.

"Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rán wá tọ́ ayé wò, kí ló fẹ́ jí?" Ó dákẹ́ díẹ̀. "O ti se ẹ̀wà?"

Mi ò tíì sè é.